Owó ọ̀yà tí kì í hàn: iṣẹ́ àti ilé nínú eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà

Àjọkẹ́_Maryland

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn láti ọjọ́ mélòó kan, mo sì rò pé ibí ni mo ti lè rí àwọn tí a óò jọ gbé e yẹ̀ wò dáadáa. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Ìbàdàn, ohun tí mo mọ̀ nípa Amẹ́ríkà kò ju èyí tí mo rí nínú eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n lọ. Mo rí bàbá tí ó ń ṣiṣẹ́, ìyá tí ó wà nílé, ọmọ mẹ́ta, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọkọ̀ méjì, àti koríko tútù níwájú ìta. Wọn kò pe ara wọn ní olówó, wọn kì í sì í ṣe mẹ̀kúnnù. Mo wá gbà pé bí ènìyàn bá ti rí iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ́hùn-ún, gbogbo ìyókù yóò tẹ̀lé e wọlé.

Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí mo ti ń gbé Maryland. Iṣẹ́ ìwé owó ni mò ń ṣe, ọkọ mi náà ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ ayálégbé ni wá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọkùnrin mi jókòó ti The Simpsons àtijọ́, eré àwòrán nípa ìdílé Homer, bàbá tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mànàmáná, a sì bá èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1996 pàdé, níbi tí wọ́n ti fi ìwé owó ọ̀yà Homer hàn: dọ́là 479.60 fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tó yọ owó orí. Ọmọ mi wò mí lójú, ó ní, "Mọ́mì, ṣé owó yẹn pọ̀ nígbà náà ni?" N kò rí èsì fún un. Mo wá ń bèèrè lọ́wọ́ yín: ṣé irọ́ ni àwọn eré wọ̀nyí pa fún wa, àbí òótọ́ ni wọ́n sọ tí ayé fi yí padà lẹ́yìn wọn?

Òǹṣirò_Àgbà

Àbúrò mi, o káre tí o gbé ìbéèrè yìí wá. Jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ ná. Bí a bá fi ọ̀sẹ̀ 52 sọ 479.60 di púpọ̀, yóò jẹ́ dọ́là 24,939.20, tí kò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́dún. Ní 1996 yẹn kan náà, ìdajì àwọn ìdílé Amẹ́ríkà ń rí ju 35,492 dọ́là lọ lọ́dún, ìdajì kejì kò sì rí tó bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìlà yẹn ni Homer wà. Èsì tí o lè fún ọmọ rẹ ni pé rárá, owó náà kò pọ̀, kódà ní ayé ìgbà yẹn.

Kí ló wá gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró? Àwọn tó kọ eré náà dáhùn ní ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí à ń rín kò jẹ́ kí a gbọ́. Ní 1992, wọ́n fi hàn pé bàbá Homer ni ó ta ilé ara rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó lè ra tirẹ̀. Ní 1993, wọ́n ṣe èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ mànàmáná fẹ́ gba ìtọ́jú eyín kúrò lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ní àkókò tí dókítà eléyín sọ pé Lisa, ọmọbìnrin Homer, nílò irin tí yóò to eyín rẹ̀. Homer di olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá sì dá ìtọ́jú náà padà fún wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí níbẹ̀ ni pé ìtọ́jú eyín yẹn kò sí nínú 479.60. Owó gidi ni, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ ọ́ sí ibi tí ojú Homer ń lọ nígbà tí ó bá gba ìwé owó ọ̀yà rẹ̀.

Ní 1983, nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà, nǹkan bí ogún ló wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní 2023, mẹ́wàá péré ló kù. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe ìwé owó oṣù fún àwọn ẹlòmíràn kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé bí ohun tí ilé iṣẹ́ ń san lẹ́yìn owó ọ̀yà bá ti kúrò, ẹni tí owó rẹ̀ kò dín kù rárá yóò rí i pé òun ti di aláìní. Nítorí náà n kò lè pe eré yẹn ní irọ́.

Dúró_Chicago

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ẹ ti ṣàánú àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí jù. Ẹ jẹ́ kí a mú Friends, eré nípa ọ̀rẹ́ mẹ́fà ní New York, tí ó lọ láti 1994 sí 2004. Alásè ni Monica. Ẹni tí ó ń gbé kọfí fún oníbàárà ni Rachel nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé ilé kan ní Manhattan tí yàrá ìgbàlejò rẹ̀ lè gba àpéjọ ìsọmọlórúkọ. Àwáwí tí wọ́n fún wa ni pé orúkọ ìyá àgbà Monica ṣì wà lórí ilé náà, àti pé òfin New York tí kì í jẹ́ kí onílé fi owó kún owó ilé bí ó ṣe wù ú ló mú kí ó pọ́ọ́kú. Irú òfin bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ni wọ́n fi bo ihò ńlá yìí, ọdún mẹ́wàá ni àwa sì fi wo ilé náà.

Mo rò pé ohun méjì ló fà á. Àkọ́kọ́ ni pé irú eré bẹ́ẹ̀, níwájú èrò ni wọ́n ti ń yà á, pẹ̀lú kámẹ́rà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ògiri ní ẹ̀gbẹ́ tí èrò jókòó sí. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ kí kámẹ́rà lè rìn, kí òṣèré mẹ́fà sì lè dúró láìbo ara wọn lójú. Èkejì ni pé ìpolówó ọjà ló ń bọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn. Oníṣòwò tí ó fẹ́ ta ọkọ̀ àti àga tuntun kò ní fẹ́ kí á gbé ọjà òun sáàárín ìtàn àwọn tí kò lè san owó ilé.

Àwọn tó ń ṣe The Simpsons fúnra wọn mọ̀ pé nǹkan kò bá ara mu. Ní 1997 wọ́n mú ọkùnrin kan wá, Frank Grimes, tí ó ti jìyà láti kékeré, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú Homer, tí ó tún ń lọ ṣiṣẹ́ mìíràn lóru. Yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé, tí ibi ìṣeré bowling wà lókè rẹ̀, tí òmíràn tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó dé ilé Homer, tí ó rí bí ó ṣe tóbi, orí rẹ̀ dàrú, kí eré náà sì tó parí, ó ti kú. Ní December 2020, òǹkọ̀wé kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The Atlantic pé irú ìgbé ayé àwọn Simpson ti kọjá ohun tí ọwọ́ lè tẹ̀ mọ́. Ní May 2022, àwọn aṣeré náà dá èsì: Bart, ọmọkùnrin Homer, ní òun fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ tí bàbá òun ń ṣe, òṣìṣẹ́ kan tí ó ń gbálẹ̀ sì fi orin gígùn ṣàlàyé fún un bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe pòórá. Ó gbà wọ́n ní ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó sọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Detroit

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ará. Nọ́ọ̀sì ni mí, ṣíìfù òru ni mo ti dé láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n n kò lè sùn láìfi ọ̀rọ̀ kan kún èyí. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, ilé àwọn òyìnbó ni. Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí wọ́n fi tiwa ṣe.

Láti 2019 sí 2024 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS gbé Bob Hearts Abishola jáde. Ìlú mi yìí ni wọ́n fi ìtàn náà sí. Folake Olowofoyeku ló ṣe Abiṣọ́lá, nọ́ọ̀sì Yorùbá, Gina Yashere tí òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó dá eré náà sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tí wọ́n ń sọ Yorùbá lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, tí òyìnbó ń ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀, omi bọ́ lójú mi.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ owó níbẹ̀. Ní 2019, ìdajì àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà tó ní ìwé àṣẹ ń gba ju 73,300 dọ́là lọ lọ́dún, nígbà tí àárín gbùngbùn owó odidi ìdílé kan jẹ́ 68,703. Èyí ni pé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lè dá gba ohun tí tọkọtaya mìíràn jọ ń gbà. Síbẹ̀, níbo ni Abiṣọ́lá ń gbé nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀? Nínú ilé kékeré kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Délé, àǹtí rẹ̀ Olú, àti ọkọ àǹtí náà, Túndé. Àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé kí ló dé tí ẹni tó ń gba owó tó bẹ́ẹ̀ kò ní ilé tirẹ̀. Mo rò ó títí kí n tó dá wọn lóhùn, nítorí pé èmi náà gbé ilé ẹ̀gbọ́n mi fún ọdún mẹ́fà.

Nínú owó mi, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi wà níbẹ̀ ní Òṣogbo. Owó ilé ìwé ọmọ àbúrò mi wà níbẹ̀. Òrùlé ilé bàbá mi ní Ìlá wà níbẹ̀, ọdún méjì gbáko ni mo fi parí rẹ̀. Kò sí èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà kà sí ìnáwó nínú wọn nígbà tí mo bá ń san owó orí. Nínú eré àwọn òyìnbó, bí ẹ bá ti mọ owó tó wọlé àti owó ilé, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun gbogbo. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Alàgbà_Èkó

Mo kí gbogbo yín láti ilé. Ọ̀rọ̀ ìyá ìbejì yìí rán mi létí eré apanilẹ́rìn-ín Basi and Company, tí NTA ń gbé jáde láti 1986 sí 1990, tí Ken Saro-Wiwa kọ. Ọdún 1986 yẹn gan-an ni ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP wá, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì tí ń jókòó wo eré náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni owó oṣù wọn kò tó nǹkan mọ́. Ṣùgbọ́n nínú eré náà, kò sí ẹni tí ń gba owó oṣù. Yàrá kan ni Basi ń gbé ní òpópónà Adétọ́lá ní Èkó, gbèsè owó ilé wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́wọ́ Madam, èrò bí yóò ṣe di mílíọ́níà ló sì ń rò láti àárọ̀ dalẹ́. Mo rí i bí àkọsílẹ̀ òótọ́ nípa ìgbà yẹn: iṣẹ́ ọ́fíìsì kò dà bí ohun tó lè gba ènìyàn mọ́, àní nínú eré pàápàá. Ohun tí mo ní láti sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa bá tiyín lọ.

Òǹṣirò_Àgbà

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ẹ sì kú iṣẹ́ òru. Ẹ ti sọ ohun tí mò ń wá ọ̀nà láti sọ. Ohun tí ó yẹ kí á máa wò nínú eré ni ìgbà tí wọ́n bá mú owó tó ń jáde wá síwájú wa. Owó tó ń wọlé nìkan kò lè sọ òótọ́.

Ní ti ìdáhùn Dúró nípa kámẹ́rà, n kò lè gbà á pátápátá. Roseanne, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, kámẹ́rà púpọ̀ náà ni wọ́n fi yà á níwájú èrò. Síbẹ̀ ilé wọn há, àga wọn ti gbó, aṣọ híhun ni wọ́n tẹ́ lé e lórí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike ni Roseanne ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ rẹ̀ Dan sì ń gba iṣẹ́ ìkọ́lé. Ní 1989, ọ̀gá tuntun dé, ó sọ pé iye ohun tí wọ́n ń ṣe lóòjọ́ gbọ́dọ̀ lọ sókè, Roseanne àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà, a rí i tí ó ń gbá irun nílẹ̀ ní ilé onídìrí, tí ó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà, kí òun àti àwọn ẹlòmíràn tó jọ dá ilé oúnjẹ tiwọn sílẹ̀. Nígbà tí ilé ìtajà alùpùpù tí ọkọ rẹ̀ dá sílẹ̀ kógbá wọlé, wọ́n já iná ilé wọn nítorí gbèsè, inú òkùnkùn ni wọ́n sì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn oníṣòwò polówó ọjà sí àárín eré yẹn náà, ó sì wà lára àwọn tí èrò ń wò jù ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó hàn, yóò fi hàn.

Kó tó di ìgbà náà, ní 1955, The Honeymooners ti sọ iye tí Ralph Kramden ń gbà gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní New York: dọ́là 62 lọ́sẹ̀. Tábìlì, àdògán, àti fèrèsé kan ni wọ́n ní. Nínú abala kan, Ralph àti aládùúgbò rẹ̀ Norton dá owó jọ ra tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tí yóò wo ohun tí ó fẹ́. Àwa tí a mọ èésú àti àjọ, a mọ ibi tí ìjà yẹn ti wá.

Èyí tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi ni Everybody Hates Chris, tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Brooklyn ní ọdún 1980 sí i. Julius, bàbá ilé náà, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Bí mílíìkì bá dà sílẹ̀, ó ti mọ iye sẹ́ǹtì tó dà: 49. Ìyàwó rẹ̀ sì ń fi iṣẹ́ méjì ọkọ rẹ̀ yangàn láwùjọ. Bàbá tèmi rí bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó mọ iye tí ìṣáná kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Dúró_Chicago

Ẹ̀gbọ́n, mo gba ti Roseanne, n kò ro ti kámẹ́rà rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Mo tilẹ̀ fẹ́ fi ohun kan kún un láti inú Friends tí mo bá wí. Ní October 1995, wọ́n ṣe ọ̀kan níbi tí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti lọ jẹun láti bá Monica yọ̀ pé wọ́n gbé e ga níbi iṣẹ́. Rachel, Phoebe àti Joey wo iye oúnjẹ nínú ìwé, wọ́n sì béèrè èyí tó kéré jù. Nígbà tí owó dé, Ross pín in dọ́gba fún ẹni mẹ́fà. Ìgbà náà ni ó tó jáde lẹ́nu wọn pé mẹ́ta nínú wọn ní, mẹ́ta kò ní, àti pé ojú ń ti àwọn tí kò ní láti sọ ọ́.

Láàárín wa níbí, aṣọ ẹbí ni tiwa. Mo ti ra aṣọ ẹbí mẹ́rin láàárín oṣù méjì rí, láìjẹ́ pé mo ti san owó ilé, nítorí pé n kò lè sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé agbára mi kò ká a. Òun ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, èmi ń wa ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rí wa nínú fọ́tò, ẹgbẹ́ kan náà ni yóò pè wá. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí lórí tẹlifíṣọ̀n, ìgbà kan ṣoṣo yẹn ni mo rí i tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọ̀rẹ́ láìfi bò.

Ìyá_Ìbejì_Detroit

Dúró, àbúrò mi, má ra aṣọ ẹbí mọ́ kí o tó san owó ilé. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ yóò gbà ọ́ pẹ̀lú aṣọ tí o ní.

Mo fẹ́ sọ ti Goodwin kí n tó lọ sùn. Nínú Bob Hearts Abishola, ilé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ ìtọ́jú ẹsẹ̀ tí ó jẹ́ ti Bob, òyìnbó tó fẹ́ràn Abiṣọ́lá, ni Goodwin ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Kofo, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, láàárín páálí àti ẹrù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé ni Goodwin ní Nàìjíríà. Bí wọ́n bá kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Detroit, òṣìṣẹ́ ilé ẹrù ni. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Ìwọ̀n wo ni a óò fi mọ ẹgbẹ́ tó wà? Ọkọ mi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ìwé gíga ní Ìléṣà fún ọdún mọ́kànlá. Àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò níbí sọ pé kí ó padà sí ilé ìwé. Ó ń to ẹrù lóru báyìí. Ní gbogbo ìgbà tí Goodwin bá la ẹnu, ọkọ mi a pa ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.

Àjọkẹ́_Maryland

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí bàbá.

Lálẹ́ àná, mo ṣe ohun tí n kò ṣe rí. Mo gbé ìwé owó ọ̀yà mi síwájú ọmọ mi, a sì jọ kọ gbogbo ibi tó ń lọ sílẹ̀: owó orí, ìtọ́jú ìlera, owó ilé, ọkọ̀, oúnjẹ. Nígbà tí a dé ìlà kẹfà, ó béèrè ohun tí a óò kọ síbẹ̀, mo ní kí ó kọ "Màmá Ìbàdàn". Ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí á ṣe irú rẹ̀ fún Homer. A fi 479.60 sókè, a sì ń sọ̀ kalẹ̀ títí tí ó fi bá mi dé ibi kan tí ó dúró lé lórí. Ó ní bàbá Homer ta ilé rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì gbé bàbá náà lọ sí ilé àwọn arúgbó. Ó ní ta ló ń san owó ibẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Òǹṣirò, ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó tipẹ́, ṣé ẹ rántí ibì kankan tí wọ́n ti sọ ọ́? A fi ìlà náà sílẹ̀ ní òfìfo títí ẹ ó fi dá mi lóhùn.